Iná Oòrùn Nínú Ilé: Ẹ Jọ Fẹnu Kò Kẹ́ Ẹ Tó Rà Á

A mọ̀ pé àsìkò ìkórè kajú yìí lowó díẹ̀ ń wọlé. A sì mọ̀ pé bí owó kajú bá ti ń wọlé, àwọn ọlọ́jà náà á máa wọlé tẹ̀ lé e: ẹni tó ń ta alùpùpù, ẹni tó ń ta fóònù, ẹni tó ń ta iná oòrùn. Ọ̀rọ̀ ẹni ìkẹyìn yẹn la fẹ́ sọ lálẹ́ òní.

Ìyá kan ní Manigri ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Ó ní: «Mo ra iná oòrùn ní èṣí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e délé, ilẹ̀ á mọ́, iná á ṣì máa tàn. Ní báyìí, aago mẹ́jọ alẹ́ kì í tíì lù tó fi ń kú. Ṣé oòrùn ọdún yìí ò lágbára bíi ti èṣí ni?»

Ìyá, ẹ ṣeun. Oòrùn ò yí padà o. Oòrùn tó ń jó wa lórí lóko náà ló ń jó iná yín lórí òrùlé. Ohun tó ṣeé ṣe kó ti rẹ̀ ni bátìrì tó ń tọ́jú agbára náà di alẹ́. Bóyá ó ṣeé tún ṣe, bóyá ó ti kú pátápátá. Ẹni tó yẹ kó wò ó kó sọ èyí tó jẹ́ fún yín ni kò sí nítòsí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí náà. Lọ́dún kan, lẹ́yìn tí mo ta kajú tán, mo ra iná oòrùn lọ́jà lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Ó tàn dáadáa fún oṣù díẹ̀. Nígbà tó kú, mo pe nọ́ńbà tí ọlọ́jà náà fún mi, kò lọ. Mo padà sí ọjà, ibi tó pàtẹ sí, ẹlẹ́wà ló wà níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò mi mẹ́rin náà ti ra tiwọn, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi la rà. Wáyà tèmi ò wọ tiwọn, bátìrì tiwọn ò wọ tèmi. Bí tọ̀hún bá kú, a ò lè fi tibí tún un ṣe. Ilé márùn-ún ló ná owó, tí olúkúlùkù sì dá jókòó sínú òkùnkùn tirẹ̀. Ká ní a ti jókòó sọ̀rọ̀ fún alẹ́ kan ṣoṣo ká tó lọ sọ́jà ni, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé lálẹ́ òní nìyí: oòrùn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kì í pẹ́ nílé ẹni tó dá nìkan wà. Ohun mẹ́ta ló ń mú un pẹ́: owó àtúnṣe tí a ti kó jọ sílẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe tó wà nítòsí, àti àdéhùn tí gbogbo wa gbọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìjọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rírà ló yẹ ká tò wọ́n. Ìjọ́ tí iná kú ti pẹ́ jù.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ IRÚ INÁ BẸ́Ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà. Nǹkan mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ni pákó dígí tó ń gba oòrùn, tí a ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì. Òun ni oko: ibẹ̀ lagbára ti ń wá. Ìkejì ni bátìrì. Òun ni àká: ibẹ̀ là ń kó agbára pa mọ́ sí di alẹ́. Ìkẹta ni àpótí kékeré kan tó wà láàárín àwọn méjèèjì, èyí táwọn oníná ń pè ní régulateur. Òun ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu àká: kì í jẹ́ kí agbára tó ń wọlé pọ̀ jù, kì í sì í jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ jáde tán. Ìkẹrin ni gílóòbù, fóònù, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ń jẹ nínú àká.

Pánẹ́ẹ̀lì tó dára lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì olójé, irú ti mọ́tò, bí a ò bá tọ́jú rẹ̀, ọdún méjì lè pọ̀ jù fún un. Èyí tuntun tí wọ́n ń pè ní lítíọ́mù máa ń pẹ́ jù ú lọ, owó rẹ̀ ló ga. Nítorí náà, ẹni tó bá ra iná oòrùn lónìí ti jẹ gbèsè bátìrì sílẹ̀ láìmọ̀. Ọjọ́ ń bọ̀ tó máa ra òmíràn. Bí kò bá fi nǹkan pamọ́ dè é, ọjọ́ yẹn ni iná parí nílé rẹ̀.

Ìdí mìíràn tí bátìrì fi ń tètè kú ni ojúkòkòrò wa. Wọ́n ń ta iná gílóòbù mẹ́rin fún wa, a gbé e délé, a fi tẹlifíṣọ̀n kún un, àwọn ọmọ mú fóònù àdúgbò wá, àbúrò ọkọ ní òun fẹ́ fi lọ aṣọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò iṣu inú àká.

Agbára iná là ń fi wáàtì wọ̀n. Pánẹ́ẹ̀lì oní-100 wáàtì, bí oòrùn bá mú dáadáa, lè fún wa ní nǹkan bí wákàtí márùn-ún oòrùn kíkún lóòjọ́. Ká yọ ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà kúrò, ká ní ó kù bí 350. Gílóòbù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 5, fún wákàtí márùn-ún, ó jẹ́ 100. Tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń jẹ wáàtì 25, fún wákàtí mẹ́rin, ó jẹ́ 100. Fóònù mẹ́ta, ká fi 30 sí i. Rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ wa yìí, ká fi 30 sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 260. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Wàyí o, áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lè jẹ tó 1000 wáàtì. Ìdajì wákàtí péré, ó ti jẹ 500. Áyọ́ọ̀nù kan ti jẹ oúnjẹ gbogbo ilé ó sì tún wọ inú irúgbìn. Ẹni tó bá jẹ irúgbìn tán, kí ló fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?

Bátìrì olójé, ẹ má lò ó kọjá ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó tún kún. Pánẹ́ẹ̀lì, ẹ kọjú rẹ̀ sí gúúsù, ìyẹn apá ibi tí Savalou àti Cotonou wà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dagun díẹ̀ kí òjò lè fọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku á bò ó. Ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún láàárọ̀ kùtù, nígbà tí dígí rẹ̀ ò tíì gbóná. Bí ẹ̀ka máńgòrò bá ń ṣíji bò ó, ẹ gé e. Òjìji díẹ̀ lórí rẹ̀ lè gba agbára púpọ̀.

ÀWỌN OBÌNRIN KALALÉ

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín dé Kalalé, ní Borgou, lápá òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ wa ti bá Nàìjíríà pààlà. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn tó ń ṣèwádìí káàkiri ayé ń sọ. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti gílóòbù inú ilé, ti omi oko ni. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un dúró ni ohun tó lè mú gílóòbù ilé tiwa náà dúró.

Ọmọ bíbí Kalalé kan, Mamoudou Setamou, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni kò gbàgbé ilé. Ó bá àjọ kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀, Solar Electric Light Fund, àjọ tó ń ran abúlé lọ́wọ́ lórí iná oòrùn. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àwọn ará Kalalé fúnra wọn, ADESCA, dìde láti bá wọn ṣe é. Ní ọdún 2007, wọ́n gbé ẹ̀rọ omi tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ sí abúlé méjì, Bèssassi àti Dunkassa. Kí ìyẹn tó dé, orí làwọn obìnrin fi ń ru omi lọ bu sí ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: oòrùn yọ, ẹ̀rọ fa omi sínú tánkì tó wà lókè, omi bá ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò, ó ń kán tó, tó, tó, sídìí ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí bátìrì níbẹ̀ rárá. Omi tó wà nínú tánkì ni wọ́n fi ṣe àká. Ẹ rántí èyí: iṣẹ́ tó bá ṣeé ṣe lọ́sàn-án, ẹ ṣe é lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ má wá bátìrì sí i.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Oko kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì hẹ́kítà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin bí ọgbọ̀n tàbí márùndínlógójì ló ń lò ó. Olúkúlùkù obìnrin ní ibùsọ̀ tirẹ̀ tó ń gbìn fúnra rẹ̀, èrè rẹ̀ tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ibùsọ̀ mìíràn sílẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń ṣe. Owó tó bá ti ibùsọ̀ àjọni yẹn wá ni wọ́n fi ń ra ohun tí ẹgbẹ́ nílò, òun ni wọ́n fi ń bójú tó ìnáwó tó jẹ́ ti gbogbo wọn. Ẹ ò rí i? Ti ara ẹni wà, ti àjọ wà. Bí ti ara ẹni nìkan bá wà, ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, olúkúlùkù á máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Bí ti àjọ nìkan bá sì wà, ọwọ́ á dẹ̀.

Àwọn olùwádìí láti Stanford ní Amẹ́ríkà wọn ohun tó ń jáde níbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2010. Oko kọ̀ọ̀kan ń fún wọn ní nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1,9 ẹ̀fọ́ lóṣù: tòmátì, ilá, ata, ìgbá àti ẹ̀fọ́ eléwé. Wọ́n ń kó bíi ìdá márùn-ún kan lọ sínú ìkòkò ilé, wọ́n sì ń ta ìyókù. Àwọn ọmọ ń jẹ ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, owó sì ń wọ àpò ìyá wọn.

TI ÒDÌ KEJÌ ÀÀLÀ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Kambolé tàbí Sokodé, ẹ ti gbọ́ orúkọ CIZO. Ìjọba Tógò ló dá a sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2017. Orúkọ náà, ní èdè àwọn ará etí òkun wọn, túmọ̀ sí «tan iná». Ohun tí wọ́n fojú sùn ni kí iná oòrùn dé ilé tó lé ní 300.000. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé ilé iṣẹ́ á gbé iná wá sílé ẹni, a ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóri fóònù. Bí a ò bá san, iná á ti ara rẹ̀ pa títí a ó fi san. Nígbà tí ìjọba rí i pé owó oṣooṣù ṣì ń wúwo fún àwọn ará oko, ní ọdún 2019 ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilé kọ̀ọ̀kan san 2.000 fráǹkì nínú rẹ̀ lóṣù.

Ọ̀nà yìí ní ire kan tó tóbi: ẹni tó tà á ṣì ń gbowó lọ́wọ́ yín, nítorí náà kò ní fẹ́ kí iná náà kú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọkùnrin tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé. Owó kajú kì í wọlé lóṣooṣù. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè san ti oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà ìkórè. Ẹ béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ títí di ìparí, kì í ṣe ti oṣù kan nìkan. Ẹ béèrè ìgbà tí iná náà á di tiyín. Ẹ sì béèrè ẹni tí á wá tún un ṣe àti iye ọjọ́ tó máa gbà á.

BÍ ABÚLÉ ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Ó dáa. Báwo la ṣe máa ṣe é níbí? Mo ti bá àwọn àgbà àti àwọn ìyá ọjà sọ̀rọ̀, ohun tí a rí nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ pe ìpàdé. Kí baálẹ̀ wà níbẹ̀, kí ìmáàmù àti àwọn olórí ìjọ wà níbẹ̀, kí ìyálọ́jà wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ má sì pè é lákòókò tí àwọn obìnrin ń dáná. Àwọn ló ń ra ìná alẹ́, àwọn ló mọ iye tó ń lọ. Kí olúkúlùkù ṣírò ohun tó ń ná nísinsìnyí. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ: ilé kan ń ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì 300 fráǹkì lọ́sẹ̀, ó ń fún ẹni tó ń bá a gba iná sí fóònù ní 300. Ó di 600 lọ́sẹ̀, ó di 31.200 lọ́dún. Owó tó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ ni, kì í jẹ́ ká rí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá owó àtúnṣe sílẹ̀. A mọ tọntíìnì, ẹnikẹ́ni ò ní kọ́ wa ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe èyí tí a ń kó fún ẹnì kan lóṣù. Èyí á dúró. Bí ilé ogójì bá ń dá 500 fráǹkì lóṣù, ó di 20.000 lóṣù, ó di 240.000 lọ́dún. Owó yẹn lè ra bátìrì fún àwọn tó bá kàn, kó sì fún ẹni tó ń tún un ṣe ní nǹkan. Kí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí obìnrin wà nínú wọn, kí wọ́n máa ka ìwé owó sókè lóṣooṣù níwájú gbogbo ènìyàn. Owó tí a ò kà sókè ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ẹni tó máa kọ́ àtúnṣe. Ẹni méjì ni kẹ́ ẹ yàn, torí bí ọ̀kan bá lọ sí Parakou tàbí Nàìjíríà, ìkejì á wà nílé. Ẹ má sì rò pé ọ̀dọ́kùnrin tó kàwé nìkan ló lè ṣe é. Ní Íńdíà, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Tilonia. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀, Barefoot College, tó ti kọ́ àwọn ìyá àgbà tí kò mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà bí a ti ń so iná oòrùn àti bí a ti ń tún un ṣe. Àwọ̀ wáyà àti àmì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Kí nìdí tí wọ́n fi ń mú ìyá àgbà? Torí pé bí ìyá àgbà bá kọ́ iṣẹ́, ilé ló ń padà sí. Ọ̀dọ́ lè mú iṣẹ́ náà lọ sí ìlú ńlá. Kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni lọ, abúlé gbọ́dọ̀ ti yan ìgbìmọ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì ti gbà láti máa san iye tó ń ná tẹ́lẹ̀ lórí kẹrosíìnì, àbẹ́là àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Apá kan nínú owó yẹn ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ ìyá náà. Ẹ rí i, wọ́n to àdéhùn kí iná tó dé.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá ń rà á, ẹ ra oríṣi kan náà, kí ohun èlò ọ̀kan lè wọ èkejì. Ilé ogún tó jọ rà á á lè dúnàá-dúrà ju ilé kan lọ. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí tó sọ pé bí ó bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, ó kéré tán, ẹni tó tà á á pààrọ̀ rẹ̀. Àmì kan wà tó ń jẹ́ VeraSol tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ irú iná bẹ́ẹ̀ wò dáadáa. Kí ọmọ yín tó ní fóònù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì bá yín wá orúkọ iná náà níbẹ̀. Ẹ má san gbogbo owó tán títí ẹ ó fi sá a sóòrùn lọ́sàn-án kan, tẹ́ ẹ sì tàn án mọ́jú.

Ẹ fẹnu kò pé ibi tí àwọn ìyá ti ń bímọ ló máa kọ́kọ́ ní iná. Ọmọ tó ń bọ̀ kì í wo aago. Agbẹ̀bí tó ń fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ilé tó bá fi iná rẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, kó ronú. Àwọn àgbà tó wà láwọn nìkan àti àwọn opó tí agbára wọn ò ká a, ẹ fún wọn ní àtùpà oòrùn kékeré kan nínú owó àjọ. Ẹni tí a bá mú dání ò ní bá wa fọ́ ọ.

ÀWỌN TÓ MÁA TAKÒ Ó

Àwọn kan á sọ pé: «Kúràǹ SBEE ń bọ̀, kí la fẹ́ fi oòrùn ṣe?» Ẹ má bá wọn jà. Kó máa bọ̀, àdúrà wa ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ kàwé lálẹ́ òní ò lè dúró dè é. Abúlé tó bá sì ti ní ìgbìmọ̀, tó ti ní ìwé owó, tó ti mọ iye ilé tó wà nínú rẹ̀, òun ló máa rọrùn fún láti kọ̀wé sí mairie Bassila, tàbí sí ABERME, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iná àwọn abúlé.

Àwọn mìíràn á sọ pé iná tálákà ni. Ẹ sọ fún wọn pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń gbin oòrùn. Ní Illoulofin, lágbègbè Pobè, nílẹ̀ àwọn Nàgó ẹgbẹ́ wa, ilé iṣẹ́ iná oòrùn oní-mẹ́gáwáàtì 25 wà níbẹ̀. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i.

Ẹlòmíì sì wà tí ìbẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Á ní: «Wọ́n ti kó owó wa jẹ rí.» Ẹ má sọ fún un pé kó dákẹ́. Ẹ fi òun gan-an sínú àwọn tó ń di kọ́kọ́rọ́ mú.

BÁTÌRÌ TÓ BÁ KÚ

Èyí tó kù yìí, ọ̀rọ̀ ìlera ni, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Inú bátìrì mọ́tò àti irú rẹ̀ tí à ń lò fún iná oòrùn, òjé ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú omi kan tó ń jó ara. Òjé ń pa ọpọlọ ọmọdé lára. Kò sí ìwọ̀n òjé kan, bó ti wù kó kéré tó, tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ní Thiaroye-sur-Mer, ní ẹ̀bá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, àwọn kan máa ń fọ́ bátìrì tó ti kú láti yọ òjé inú rẹ̀ tà. Ilẹ̀ àdúgbò náà kún fún òjé. Àwọn ará ibẹ̀ wá ń sẹ́ erùpẹ̀ náà láti rí òjé tà, wọ́n ń kó o wọlé. Láàárín November 2007 sí March 2008, ọmọdé méjìdínlógún kú níbẹ̀. Wọn ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa wọ́n. Òjé ni. Owó díẹ̀ làwọn òbí wọn ń wá, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nítorí náà, ẹ fi èyí sínú àdéhùn yín: bátìrì tó bá kú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, ọmọdé ò gbọdọ̀ fi ṣeré, a ò sì gbọdọ̀ jù ú sí ẹ̀bá kànga tàbí odò. Kí a gbé e dúró ṣánṣán síbi kan tí òjò ò dé, kí ẹnì kan ní abúlé máa ṣọ́ ọ. Ìjọ́ tí a bá fẹ́ ra tuntun, ká béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé: «Ṣé ẹ máa gba èyí tó kú padà?» Bí ó bá ní rárá, ẹ wá ẹlòmíì. Bí omi inú rẹ̀ bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, ẹ da omi tó mọ́ sí i fún ìgbà pípẹ́, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ OLÙGBỌ́

Ẹ pa rédíò báyìí, kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí. Èkíní: ilé mélòó ní abúlé wa ló ní iná oòrùn tí kò tàn mọ́, kí ló sì ṣe é? Èkejì: èló ni ilé kọ̀ọ̀kan ń ná lóṣù lórí bátìrì tọ́ọ̀ṣì, kẹrosíìnì àti fóònù? Ẹ̀kẹta: ẹni méjì wo la lè yàn kí wọ́n kọ́ àtúnṣe, ta ló sì máa di kọ́kọ́rọ́ mú? Ẹ̀kẹrin: níbo ni àwọn bátìrì tó ti kú wà lónìí, ọmọ ta ló ń fi wọ́n ṣeré?

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.

Ìyá wa ní Manigri, ẹ má ju iná yín nù o. Ẹ gbé e wá sípàdé. Bóyá iná yín gan-an ni àwọn ọmọ máa fi kọ́ iṣẹ́. Ká sùn ire o, kí Ọlọ́run jí wa ire.